Ìfẹ́ Ọlọ́run Kì í Ṣe Àlọ́ Àpamọ̀

Ohun tí a lè mọ̀, ohun tí a kò tíì mọ̀, àti bí òbí àti ọmọ ṣe lè jọ wá a

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tábìlì ilé ìdáná.

Oṣù kẹrin ti wọlé. Yìnyín ti yọ́ ní òpópónà Chicago, àmọ́ ẹ̀wù òtútù ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí kò sí ẹni tó lè fọkàn tán ojú ọjọ́ ìlú yìí. Lẹ́tà àwọn yunifásítì ti dé. Kí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún tó pé, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà. Ọmọ ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ́ kọ́." Ìyá gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti lóyún rẹ ni Ọlọ́run ti fi hàn mí pé dókítà ni ọ́." Ọmọ dákẹ́. Bí ó bá jiyàn, ta ni ó ń bá jiyàn? Ìyá rẹ̀ ni, àbí Ọlọ́run?

Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, àwọn mìíràn kò sì ní lè rẹ́rìn-ín, nítorí ibẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n. "Ìfẹ́ Ọlọ́run" wà lẹ́nu gbogbo wa. A ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, a ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, a ń sọ ọ́ nígbà tí físà bá jáde àti nígbà tí kò bá jáde. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bí a kò bá lò ó dáadáa, ó lè di ọ̀pá tí a fi ń na ọmọ, ó sì lè di ẹrù tí àgbàlagbà yóò rù títí dé sàréè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí Ọlọ́run ti sọ síta

Àwa Yorùbá mọ àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó pa á mọ ìdáhùn, ẹni tí a pa á fún ń méfò. Ọ̀pọ̀ Kristẹni rò pé báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń bá wa lò: pé Ó ti fi ọ̀nà kan ṣoṣo pamọ́ síbì kan, àti pé bí a kò bá méfò rẹ̀ bó ṣe yẹ, a ti pàdánù ayé wa. Bàbá wo ló ń bá ọmọ rẹ̀ lò bẹ́ẹ̀?

Diutarónómì 29:29 pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Ohun ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ti Olúwa. Ohun tí Ó ti fi hàn jẹ́ tiwa àti ti àwọn ọmọ wa, kí a lè máa ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé a dárúkọ àwọn ọmọ níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn òbí nìkan ni Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ Rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ibi tí Bíbélì ti sọ ní tààrà pé, ìfẹ́ Ọlọ́run nìyí, kò ṣòro láti lóye. 1 Tẹsalóníkà 4:3 sọ pé ìwà mímọ́ ni, kí a yẹra fún àgbèrè. 1 Tẹsalóníkà 5:18 sọ pé kí a máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. 1 Pétérù 2:15 sọ pé kí a máa ṣe rere débi tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wa láìdáa kò fi ní rí nǹkan sọ. Míkà 6:8 ní ohun tí Olúwa ń béèrè ni òdodo, àánú àti ìrìn ìrẹ̀lẹ̀.

Awakọ̀ tí èrò gbàgbé fóònù sínú ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Nọ́ọ̀sì tó rẹ̀ ní aago mẹ́rin òru, tí kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn, tó sì fẹ́ kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti wọ̀n ọ́n, kò nílò wòlíì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, mọ ìdáhùn kó tó béèrè. Ọkọ tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ ya ẹnu.

Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń wá èyí tó pamọ́ nígbà tí èyí tó wà ní gbangba ṣì wà nílẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ta ni kí òun fẹ́, tó sì ń parọ́ fún ẹni tó ń fẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kò ì dáhùn ìbéèrè tí Ọlọ́run ti bi í.

Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì dára

Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹsẹ Bíbélì kan tó dárúkọ wọn. Ṣé kí n lọ sí yunifásítì tó wà nítòsí ilé, kí gbèsè má pọ̀, àbí kí n lọ sí Urbana-Champaign? Ṣé kí a ra ilé ní agbègbè gúúsù, àbí kí a dúró sí Rogers Park? Ṣé kí n gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí yóò máa gba gbogbo ọjọ́ Ìsinmi mi?

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, láti ẹsẹ 6. Pọ́ọ̀lù fẹ́ wàásù ní Éṣíà. Ẹ̀mí Mímọ́ kò gbà. Ó fẹ́ lọ sí Bítíníà. Ọ̀nà tún dí. Wọ́n dé Tíróásì láìmọ ibi tó kàn. Lóru, Pọ́ọ̀lù rí ọkùnrin ará Makedóníà kan lójú ìran, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí a sábà máa ń kà kọjá. Èkíní, Pọ́ọ̀lù kò jókòó sójú kan de ìran. Ó ń lọ, ó ń gbìyànjú, a sì ń darí rẹ̀ lẹ́nu ìrìn. Èkejì, Pọ́ọ̀lù nìkan ló rí ìran náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ 10 sọ pé "àwa" la parí èrò sí i pé Ọlọ́run ń pè wá. Wọ́n jọ rò ó ni. Ẹni tó rí ìran kò sọ ọ́ di àṣẹ lé àwọn yòókù lórí. Ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n dé Fílípì, àwọn obìnrin ni wọ́n bá létí odò. Ẹni àkọ́kọ́ tí Olúwa ṣí ọkàn rẹ̀ níbẹ̀ ni Lìdíà, oníṣòwò aṣọ àlùkò, ará Tíátírà. Níbo ni Tíátírà wà? Éṣíà kan náà tí wọ́n ní kí Pọ́ọ̀lù má lọ ni! Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi na Pọ́ọ̀lù àti Sílà, tí wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó tì kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́, ìyà tó bá ọ lójú ọ̀nà kò sì túmọ̀ sí pé o ṣìnà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Nígbà tí ọ̀nà méjì bá dára, tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀kankan, Ọlọ́run kì í fi wá sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́: Jákọ́bù 1:5 ní kí ẹni tí ọgbọ́n kù fún béèrè, a ó sì fún un láìbá a wí. Béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ara rẹ. Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí tako Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Kí ni àwọn tó mọ̀ mí, tí wọn kò sì ní èrè kankan níbẹ̀, ń sọ? Ẹ̀bùn wo ni Ọlọ́run ti fún mi tí àwọn ẹlòmíràn náà rí? Ta ni yóò ru ẹrù ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí? Lẹ́yìn náà, gbàdúrà, kí o sì gbé ẹsẹ̀. Bí o bá yan èyí tí kò rọrùn jù, Ọlọ́run kò ní kọ̀ láti bá ọ lọ.

Ẹ̀yin òbí: ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Élì

Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 3, ọmọdékùnrin kan gbọ́ ohùn lóru, ó sì sáré lọ bá àgbàlagbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Élì ní àléébù púpọ̀. Kò tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ yẹn, ó ṣe ohun kan tó dára púpọ̀. Nígbà tó yé e pé Olúwa ló ń pe ọmọ náà, kò sọ pé, "Jókòó, èmi ni màá bá ọ dá A lóhùn." Ó kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe dáhùn, ó sì ní kó padà lọ dùbúlẹ̀ ní ààyè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, iṣẹ́ wa nìyẹn. A ti sá eré ìje púpọ̀ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí tó dé ibi tí wọ́n wà. Ẹlòmíràn nínú wa ní oyè yunifásítì láti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ibí, ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ fi ń jẹun, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní aago márùn-ún ìdájí nínú òtútù. Ìbẹ̀rù pé kí ọmọ má jìyà bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn wa, ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí pé owó kò ní tó ọ jẹun." Ọmọ lè dáhùn ìyẹn. Ẹ lè jọ jókòó ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ Ọlọ́run wọ̀ ọ́ láṣọ, ọmọ kò rí èsì fọ̀, yóò sì máa rò láti ọjọ́ náà pé Ọlọ́run ni kò fẹ́ gbọ́ tòun.

Bí ẹ bá sì gbà lóòótọ́ pé Ọlọ́run fi nǹkan kan hàn yín nípa ọmọ yín, ẹ ṣe bíi ti Màríà, ẹ pa á mọ́ nínú ọkàn yín, ẹ máa gbàdúrà sí i. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kò nílò ká fi ariwo tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́: ọ̀rọ̀ tiyín náà wà níbẹ̀

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí òbí ṣe lè fi orúkọ Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn, ni ọmọ náà ṣe lè fi sá gba ojú fèrèsé jáde. "Ọlọ́run ló bá mi sọ̀rọ̀" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó béèrè pé báwo ni o ṣe fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́. "Mo ń gbàdúrà sí i" kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀nà láti fi ìpinnu falẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Bí ìwọ bá fẹ́ kí àwọn òbí rẹ fọkàn tán ọ nínú ohun ńlá, jẹ́ kí wọ́n rí ọ nínú ohun kékeré. Jésù sọ ọ́ nínú Lúùkù 16:10 pé ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú ohun kékeré yóò jẹ́ olóòótọ́ nínú ohun púpọ̀. Ọmọ tó ń jí fúnra rẹ̀, tó ń ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìṣirò, tó ń sọ òtítọ́ nípa máàkì rẹ̀, ti ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ kó tó ya ẹnu. Kọ èrò rẹ sílẹ̀: ohun tí o fẹ́ kọ́, iye tó máa ná yín, iṣẹ́ tí o lè fi ṣe. Gbé e wá síwájú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n rí nínú rẹ. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé wọ́n ti ń wò ọ́ fínnífínní láti ọjọ́ pípẹ́.

Nípa àmì àti àsọtẹ́lẹ̀

A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín àsọtẹ́lẹ̀. 1 Tẹsalóníkà 5:20-21 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kan náà ní kí a dán ohun gbogbo wò, kí a sì di èyí tó dára mú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé Ọlọ́run ní kí o fẹ́ òun, tàbí kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí o gbé owó wá, o kò dẹ́ṣẹ̀ bí o bá ní, "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò." Òtítọ́ kì í sá fún ìdánwò.

A tún máa ń tọ́ka sí irun àgùntàn Gídíónì (Àwọn Onídàájọ́ 6:36-40). Ẹ padà lọ ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ti sọ ohun tí Ó fẹ́ fún Gídíónì kí irun àgùntàn tó délẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ìfẹ́ Ọlọ́run; ẹ̀rù ló ń bà á. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, Ó fún un ní àmì lẹ́ẹ̀mejì. Àánú sí oníbẹ̀rù ni, kì í ṣe ìlànà tí a gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé. Bí ìwọ bá sọ fún Ọlọ́run pé bí bọ́ọ̀sì bá tètè dé, òun ni kí o fẹ́, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì CTA ni o fi ọ̀rọ̀ ayé rẹ lé lọ́wọ́ yẹn!

Ọkùnrin kan ní ìlú wa yìí

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ rọrùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Kí ni a ó sọ nígbà tí ikú bá dé?

Ní South Side ìlú Chicago, ní igun òpópónà 33rd àti Indiana Avenue, ni ilé ìjọsìn Pilgrim Baptist Church wà, èyí tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2006. Sínágọ́gù àwọn Júù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, kó tó di ti àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú. Níbẹ̀ ni Thomas A. Dorsey ti darí ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún tó lé ní 40. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bàbá orin gospel. Bí ẹ bá ń kọrin pẹ̀lú dùùrù àti àtẹ́wọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè díẹ̀.

Ọdún 1899 ni a bí i ní Villa Rica, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọmọ oníwàásù ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wá sí Chicago bíi ti ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń fi Gúúsù sílẹ̀. Àjèjì tó wá wá iṣẹ́ ni òun náà. Orin blues ló fi ń jẹun, Georgia Tom sì ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn àìsàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá, ó yí ọkàn rẹ̀ sí orin ìhìnrere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn pásítọ̀ kan kò fẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run rárá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1932, wọ́n ń retí rẹ̀ ní ìpàdé ìsọjí kan ní St. Louis, nǹkan bí 300 máìlì sí Chicago. Oyún ìyàwó rẹ̀, Nettie, ti wọ oṣù ìkẹyìn. Nínú ìtàn tí Dorsey sọ fúnra rẹ̀, kò wù ú láti lọ. Ó ti wakọ̀ jáde kó tó rántí pé òun gbàgbé àpò ìwé orin òun, ó sì padà sílé. Ó bá Nettie lójú oorun. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, nǹkan kan sì ń sọ fún un nínú ọkàn pé kó má lọ. Kò fẹ́ da oorun ìyàwó rẹ̀ láàmú, ọ̀nà sì jìn. Ó jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bó ṣe kọrin tán ní St. Louis, wọ́n mú tẹligíráàmù wá fún un. Nettie ti kú níbi ìbímọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé Chicago, ó bá ọmọkùnrin jòjòló. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Pósí kan náà ni wọ́n fi sin àwọn méjèèjì.

Dorsey bínú sí Ọlọ́run, kò sì fi pamọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kọ orin ìhìnrere mọ́, òun yóò padà sí orin òun àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó le jù wọlé: ohùn tó ní kí n dúró yẹn, ṣé Ọlọ́run ni? Bí mo bá ti gbọ́, ṣebí mi ò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Theodore Frye, kò dá a dá ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó mú un lọ sí Poro College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aṣerunlóge, níbi tí dùùrù kan wà. Níbẹ̀ ni Dorsey ti jókòó, tí ọwọ́ rẹ̀ wá ohùn orin ìsìn àtijọ́ kan, tí ọ̀rọ̀ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Orin náà ni "Take My Hand, Precious Lord". Mahalia Jackson, tí òun náà wá láti New Orleans wá máa gbé Chicago, gbé e káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968 ní Memphis, ó wà lára ohun ìkẹyìn tí Martin Luther King sọ: ó bẹ olórin kan pé kó lo orin yẹn ní ìpàdé alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yìnbọn pa á. Mahalia Jackson ló kọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ níbí. A kò sọ pé Ọlọ́run pa Nettie kí orin dídùn lè jáde. Bàbá wa kì í ṣe irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti Àjàyí Crowther tiwa. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. A gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì mú un lọ sí Freetown. Ní 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì Yorùbá tí a ń kà. Ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run ni kí wọ́n jó ìlú kí wọ́n sì dè ọmọdé lọ́rùn? Rárá o. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn búburú ni. Ohun tí Róòmù 8:28 ń kọ́ wa ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ débi tí Ọlọ́run kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún rere. Ẹni tó tún ilé tó jó kọ́ kò di ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́.

Fún ẹni tó ní St. Louis tirẹ̀

A mọ̀ pé àwọn kan ń ka èyí tí wọ́n ní St. Louis tiwọn. Ìyá ń ṣàìsàn nílé. Ìwé ìgbélùú kò tíì jáde, bí o bá jáde ní Amẹ́ríkà o lè má wọlé mọ́. O dúró. Ìyá lọ. Orí WhatsApp ni o ti wo bí wọ́n ṣe sin ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Tàbí bàbá pè ní alẹ́ ọjọ́ kan, o wà lẹ́nu iṣẹ́, o ní wàá pè é padà lọ́la. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè Dorsey ti ń jí ọ lóru: ṣé Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́?

Ará mi, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn má dé ní ayé yìí. Ohun ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ti Olúwa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní gbangba nìyí. Nínú Jòhánù 9:1-3, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fọ́ ọkùnrin kan lójú láti inú ìyá rẹ̀. Jésù kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ni. Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni ìjìyà. Bí o bá mọ̀ pé o ṣẹ̀ lóòótọ́, jẹ́wọ́ rẹ̀, ìdáríjì wà. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, má ṣe jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Má sì dá nìkan wà. Frye kò ní àlàyé kankan fún Dorsey. Ó kàn wá mú un jáde nínú yàrá òkùnkùn ni. Ẹ̀yin ará ìjọ, nígbà tí ẹnì kan bá ṣọ̀fọ̀ òkèèrè láàárín wa, ẹ má yára sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ẹ bá a jókòó.

Ẹ sì wo orin náà dáadáa. Dorsey kò bẹ Ọlọ́run pé kó fi gbogbo ọ̀nà hàn òun. Ọwọ́ tí yóò di òun mú ló béèrè. Bóyá ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wá nígbà tí a bá ní a ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run ni àwòrán ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ Bàbá ni a máa ń rí gbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí tábìlì

Nínú ọgbà Gẹtisémánì (Mátíù 26:39), Jésù sọ ohun tí Òun fẹ́ fún Bàbá kó tó juwọ́ sílẹ̀ fún ohun tí Bàbá fẹ́. Kò díbọ́n. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá lè sọ ohun tó wà lọ́kàn Rẹ̀, ọmọ ọdún 17 náà lè sọ ọ́, ìyá rẹ̀ sì lè sọ tirẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rí. Ìyá bọ́ bàtà. Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ kí o ṣe dókítà. Mo máa ń gbàdúrà sí i, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló sọ ọ́ àbí ìfẹ́ ọkàn mi ni. Jókòó, sọ tìẹ fún mi." Ọmọ ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ó sì jókòó. Bóyá dókítà ni yóò dà, bóyá olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ Ọlọ́run fún ọjọ́ náà, èyí tí kò pamọ́ rárá, ti ṣẹ nínú ilé yẹn: òtítọ́, ìrẹ̀lẹ̀, ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́.

Fún ìjíròrò nínú ẹbí

1. Ohun kan wo ni o ti mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ kí o ṣe, tí o kò tíì ṣe? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni wàá ṣe é?

2. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìpinnu kan tí ẹ ṣe nígbà ọ̀dọ́ yín fún àwọn ọmọ yín. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀?

3. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀bùn wo ni àwọn òbí yín rí nínú yín? Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì gbọ́ wọn dópin.

4. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:6-15 papọ̀. Ilẹ̀kùn wo ló ti tì fún ẹbí yín, tí ẹ wá rí oore níbòmíràn lẹ́yìn náà?

5. Ta ni nínú ìjọ wa tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà nílé? Ta ni yóò lọ bá a jókòó nínú yín, ìgbà wo sì ni?